Ewé Tí Ewúrẹ́ Kì Í Jẹ

Dinesan, àbúrò mi,

Mo kí ọ ní Dubai lọ́hùn-ún. Bá mi kí ọ̀gá ẹ àtàwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbé yàrá, pàápàá awakọ̀ kátapílà tó sọ ara ẹ̀ di dókítà. Orúnkún Bàbá ti fúyẹ́. Màlúù wa ti bí, abo ni. Òrùlé ṣì ń jò.

Ìyàwó ẹ ń wúkọ́ lóòótọ́. Lo bá gba ìmọ̀ràn dókítà kátapílà yẹn, o pè é pé kó fún omi ewé adalodakam, kó pò ó mọ́ oyin, kó máa mu ún láràárọ̀. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ Jisha tí mo dà á nù. O ní ìlara ni. Ìlara kí ni, olóríkunkun? Ṣé oyún oṣù márùn-ún ni mò ń bá a dù?

Ewé yẹn dára fún ikọ́. Òun ni wọ́n fi wò ọ́ ní kékeré. Ṣùgbọ́n aboyún kì í mu ún. Ewúrẹ́ wa tó ń jẹ páálí gan-an kì í fẹnu kàn án. Mo ti mú Jisha lọ sílé ìwòsàn, ó sì ti ń rí oorun sùn.

O máa ń béèrè ìdí tí mo fi fi ọdún mẹ́sàn-án jù ọ́ lọ. Oyún kan wà láàárín wa. Ìyá wa wúkọ́, ó mu ewé yẹn fún ọjọ́ mẹ́rin, oyún náà wálẹ̀. Mi ò lè búra pé ewé ló fà á.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kó o wá gbé ọmọ ẹ láyọ̀. Fi súwẹ́tà ránṣẹ́ sí Bàbá. Tó o bá pe Jisha, kí i, má pàṣẹ oògùn fún un. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà yẹn, Dinesan. Èmi ni wọ́n rán lọ já ewé náà.

Ẹ̀gbọ́n ẹ,
Sarojam