Ohun Tí Mo Sọ Lórí Tẹlifóònù, Tí Sìlífátù Jìyà Rẹ̀

Ojúlé Kẹrìnlá,
Ìgbẹ̀ìn,
Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ Kọkànlélógún, Oṣù Kẹsàn-án, 1987.

Alábòójútó Àwọn Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù,
Òkè-Mosàn,
Abẹ́òkúta.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ Ọ̀RỌ̀ SÌLÍFÁTÙ AKÁPÒ, ÀTI ÀWỌN TÓ Ń FI TẸLIFÓÒNÙ JÍ OWÓ ẸGBẸ́

1. Ní ọdún 1979, èmi ni mo tú àṣírí Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Àwọn Aláró fún olè. Kì í ṣe Sìlífátù akápò, tí a lé kúrò nítorí rẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí a lé e.

2. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá aláró náà kò mọ̀wé kọ. Òfin ẹgbẹ́ ni pé ẹni tí wọ́n bá rán wá gbowó gbọ́dọ̀ sọ nọ́ńbà ìwé ẹni tó rán an, kí ó sì sọ oríkì tí àwọn òbí fún onítọ̀hún: Àwẹ̀ró, Àbẹ̀ní, tàbí òmíràn. Ẹ̀dà méjì péré ni ìwé tí a kọ méjèèjì sí. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ akápò, èkejì wà lọ́wọ́ èmi olùdámọ̀ràn, nítorí pé mo jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, mo sì ní tẹlifóònù.

3. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún náà, ọkùnrin kan pè mí. Ó ní báńkì tí ẹgbẹ́ ń fowó sí ló ní kí òun pè, pé wọ́n fẹ́ pààrọ̀ ìwé àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti gbọ́ irú Gẹ̀ẹ́sì tèmi kẹ́yìn. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ìyìn yẹn ti tó mi. Mo ka nọ́ńbà àti oríkì ìyá mẹ́ta fún un, mo tilẹ̀ pe àwọn oríkì náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí ó má baà ṣì wọ́n kọ.

4. Lọ́jọ́ kejì, àlejò kan dé ọ́fíìsì ẹgbẹ́, ó sọ gbogbo rẹ̀ láìṣì, Sìlífátù sì sanwó fún un bí òfin ti wí. Nígbà tí àwọn ìyá náà figbe ta pé àwọn kò rán ẹnikẹ́ni, èmi ni ẹgbẹ́ fi ṣe alága ìwádìí. Wọ́n bi mí bóyá mo sọ ọ́ fún ẹnìkan. Mo ní rárá. Sìlífátù wò mí, ó ní, “Bàbá, bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, tí kì í sì í ṣe èmi, ta ni?” A gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó gbé aṣọ fún un rẹ láró mọ́, ó sì kó lọ sí Wásinmi lọ gbin ẹ̀gẹ́.

5. Lọ́dọọdún ló ń fi ẹran Iléyá ránṣẹ́ sí mi. Tọdún yìí dé ní oṣù tó kọjá. Mo jẹ ẹ́.

6. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Mọ́nsúrù, akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Òwu, wá bá mi. Ẹnìkan pè é lórí tẹlifóònù, ó ní báńkì ni òun ti ń pè, ó sì ń béèrè nọ́ńbà ìwé àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Mo ní kó má dáhùn. Ó bi mí bí mo ṣe mọ̀ pé olè ni. Ìbéèrè yẹn ni n kò lè sá fún.

7. Mo bẹ̀ yín, ẹ kìlọ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́ pé kí wọ́n má ṣe sọ nọ́ńbà tàbí oríkì ẹnikẹ́ni lórí tẹlifóònù, bó ti wù kí ẹni tó pè mọ̀rọ̀ sọ tó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe ìpàdé àwọn aláró, kí ẹ sì ka lẹ́tà yìí sétí wọn níṣojú Sìlífátù. N ó wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n bá ní kí n san, n ó san án.

8. Àṣà mi ni láti máa kọ gbogbo ìpè tẹlifóònù sílẹ̀: aago tó wọlé, orúkọ ẹni tó pè, ohun tó béèrè àti èsì mi. Lọ́jọ́ tí ìwádìí bẹ̀rẹ̀, mo ya ojú ìwé ọjọ́ kẹrìnlá, mo sì fi í pamọ́ sáàárín Bíbélì mi. Ibẹ̀ ló wà títí di òwúrọ̀ yìí. Ó wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí báyìí. Ìkọ̀wé mi ni.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín, tìtìjú-tìtìjú,

Olúbọ̀dé Ṣótúndé,
Ọ̀gá Ilé Ìwé tó ti fẹ̀yìn tì,
Alága Ìwádìí Ọdún 1979.