Ìlà Inú Egungun Ọmọ Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá ọ nínú àlàáfíà, kí òtútù ibẹ̀ má mú ọ jù. Èmi náà wà, orúnkún ló kàn ń yọ mí lẹ́nu. Ọmọ rẹ, Ọ̀gá Kékeré, ni ara rẹ̀ kò yá.

O mọ̀ pé egungun ẹranko ayé àtijọ́ là ń gé níbi iṣẹ́ wa. Wọ́n gbé itan ọmọ dáínásọ̀ kan wá, irú èyí tó lọ́rùn gígùn. A gé e pẹlẹbẹ títí ìmọ́lẹ̀ fi ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ọ̀gá wa ní ìyá wọn kì í tọ́ wọn, pé tó bá ti yé ẹyin, ó ti bá tirẹ̀ lọ nìyẹn. Ọmọ tí kò ju ọmọ ọwọ́ lọ á máa wá oúnjẹ kiri, á sì máa dàgbà bí ẹni tí wọ́n ń lé. Eléyìí náà dàgbà kíákíá. Ṣùgbọ́n létí egungun níta, ìlà tín-ínrín kan wà. Ọ̀gá wa ní ebi ló dá a dúró níbẹ̀. Kò sí egungun kankan lẹ́yìn ìlà yẹn; ibẹ̀ ló kú sí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé Ọ̀gá Kékeré lọ sí ọsibítù torí pé kò ga sí i. Wọ́n ya àwòrán egungun ọwọ́ rẹ̀. Mo gbé àwòrán náà sójú fèrèsé bí mo ṣe máa ń ṣe níbi iṣẹ́, mo sì rí irú ìlà yẹn nínú rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Dókítà ní kò tíì pẹ́ jù, pé tí ọmọ náà bá ń jẹun, egungun á dàgbà kọjá ìlà náà. Ó wá bi mí léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lásìkò tí ìlà yẹn bẹ̀rẹ̀. Mo ní ìyá rẹ̀ rìnrìn àjò.

Oúnjẹ kò wọ́n wa nílé. Ọ̀gá Kékeré máa ń tọ́ ọ wò díẹ̀ ni, á wá fi nǹkan bo abọ́, á ní, "Ẹ bá mi gbé e pamọ́ de Mọ́mì." Mo ti bẹ̀ ẹ́, mo ti jágbe mọ́ ọn, mo ti fi orin tàn án. Olórí kunkun ni, ìwọ ló jọ.

Mi ò bá ọ wí. Mo mọ̀ pé tí o bá kúrò níbi iṣẹ́ yẹn báyìí, wọ́n lè má gbà ọ́ padà. Máa bọ̀ bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lọ́nà, o ò ní fojú sunkún ọmọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó ń retí rẹ.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: o ní kí n wọn ẹsẹ̀ Ọ̀gá Kékeré kí o lè ra bàtà mìíràn ránṣẹ́. Má rà á. Èyí tí o rà sílẹ̀ fún un kí o tó lọ, tí o ní ó máa dàgbà bá, ṣì ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.