Omi Tí Mo Fi Kun Wàláà Bàbá Yín

Zikrullah ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùmù o. Ṣé dáadáa lẹ wà ní Ìkòròdú? Hanifah ìyàwó rẹ ńkọ́? Ọlọ́hun á máa ṣọ́ ẹ lọ síbi iṣẹ́, á máa ṣọ́ ẹ bọ̀ wálé. Ara mi le ní Ẹ̀pẹ́ níbí, orúnkún yìí nìkan ló ń bá mi fa wàhálà. Mardiyah, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà lọ́dọ̀ mi, ní kí n kí ẹ, ó ti fẹ́ràn ilé kéú ju oúnjẹ lọ.

Agolo fáníìṣì tí o ní kí n fi kun wàláà tí bàbá yín fi ń kéú kó tó di ti Mardiyah ti dé. Mo ṣí i, ó funfun báláú bíi mílíìkì! Mo ní wọ́n ti lu ọmọ mi ní jìbìtì. Tìrìmísíyù káfíńtà gbé tiẹ̀ wá, èyí tó máa ń mú mi wúkọ́, ó ní tòun ló máa jẹ́ kí igi pọ́n yòò. Mo ní rárá o, omi ni Zikrullah ní wọ́n fi ṣe èyí, kò sì ní pa àwọ̀ igi dà.

Ẹ̀yìn wàláà ni mo kọ́kọ́ kùn. Sùbúhánálàhì! Mo ń wò ó, funfun yẹn ń lọ, igi ń jáde, títí gbogbo ẹ̀ fi mọ́ lóló. Mo wo ara búrọ́ṣì, mo wo ilẹ̀, mi ò rí ibi tí funfun náà gbà. Ṣé ó ti padà sí Ìkòròdú ni? Nígbà tó gbẹ, mo da omi sí i, omi yí dànù. Omi ò wọ omi mọ́! Orí mi wú.

Ó tún gbẹ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ṣe àlùwàlá bẹ́ẹ̀, Àáfà ilé kéú Mardiyah ní kò tíì ṣe, pé omi ò kan ara mi. Mo ní Àáfà, omi mà ni nǹkan ọ̀hún fúnra ẹ̀, ọmọ mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ fi kàn-ìn-kàn-ìn bó o.

O ní kí n má kan iwájú wàláà. Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé ohun tí bàbá yín kọ gbẹ̀yìn kí Ọlọ́hun tó gbà wọ́n wà níbẹ̀, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́. Mo rò pé tí mo bá fi omi rẹ bò ó, á wà bẹ́ẹ̀ títí láé, Mardiyah á máa kọ tiẹ̀ lé e lórí. Mo fi búrọ́ṣì kan lẹ́tà kan péré, tàdáà tí wọ́n fi kọ ọ́ bá ṣàn lọ. Háà! Mo sunkún bí ọmọdé, Zikrullah.

Àáfà ní kí n fọ gbogbo ẹ̀, pé bí bàbá yín fúnra wọn ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí ọmọ kéú bá ti mọ èyí tó wà níbẹ̀. Mo fọ̀ ọ́ sínú abọ́. Mo mu omi náà tán, mi ò fún ẹnikẹ́ni ńbẹ̀.

Ọwọ́ wàláà ló wá kù, mo kùn ún. Bí funfun yẹn ṣe ń lọ, ojú ìka bàbá yín ń jáde, níbi tí wọ́n ti di igi náà mú láti ìgbà èwe wọn, ó dúdú, ó ń dán. Ti Tìrìmísíyù ì bá ti bò ó pátá.

Jọ̀ọ́, fi owó oògùn orúnkún ránṣẹ́, kí o sì bá mi kí àwọn tó ṣe omi yẹn. Ọlọ́hun á fi ọmọ dá yín lọ́lá, á sì jẹ́ kí ọjọ́ yín dalẹ́. Tètè wálé. Mardiyah ti gbé ọwọ́ tiẹ̀ lé ojú ìka yẹn, tiẹ̀ kéré. Mo fẹ́ kí o gbé tìrẹ lé e, kí n wò ó.

Èmi ìyá rẹ,
Rọ̀kíbátù