Mónítọ̀ Tó Ṣókùnkùn Níwájú Màámi

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Màgàríbì

A ti ṣe fídáù Bàbá tán. Àwọn ẹbí tó wá láti Lafiaji ń kí mi kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n inú ń bí mi.

Mónítọ̀ mẹ́rin ni mo tò sí agboolé kí gbogbo èèyàn lè máa wo wáàsí: méjì níwájú lọ́dọ̀ àwọn àlùfáà, méjì lẹ́yìn, níbi tí Màámi ti ń ṣe opó láàárín àwọn obìnrin. Káàdì àwòrán inú kọ̀ǹpútà mi ò lè gbé ju mónítọ̀ méjì lọ, ni mo bá fi káàdì tòkunbọ̀ kan kún un. Lánàá tí mo dán wọn wò, wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Lónìí, bí wáàsí ṣe bẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà ò dá káàdì kejì mọ̀ mọ́. Mónítọ̀ méjì tẹ̀yìn ṣókùnkùn. Mo yọ káàdì náà, mo tún tì í bọ inú kọ̀ǹpútà, pàbó ló já sí.

Mo wọlé lọ bẹ Màámi.

"Má dààmú, ọkọ mi. Mo ṣáà ń gbọ́ ohùn àwọn àlùfáà."

Síbẹ̀, Màámi ò gbójú kúrò lára dígí dúdú yẹn.

Ìgbà tí mò ń ká wáyà ló tó sọ sí mi lọ́kàn. Ojúkojú ni àwọn tó wà níwájú ń wo àlùfáà. Kò sẹ́ni tó wo mónítọ̀ tiwọn. Wáyà kan péré ni ǹ bá yọ níbẹ̀, kí n fà á dé ọ̀dọ̀ Màámi.