Kọ́kọ́rọ́ Tí O Ní Ká Tọ́jú

Sí ọmọ mi Lìádì, ní Èkó.

Àsàlámù àlékún, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ilé kíkọ́ ń lọ déédéé lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ ará Àgùdà? Omi Èkó kò ní gbé ọ lọ, lágbára Ọlọ́run. Èmi Hàjàrá ìyá rẹ ni mò ń sọ̀rọ̀ láti Akanran, Josiah tíṣà àwọn onígbàgbọ́ ló ń bá mi kọ ọ́, ó sì ti kìlọ̀ fún mi pé ìwé òun kò lè gba gbogbo ẹnu mi.

Iṣu ta lọ́dún yìí, a dúpẹ́. Àbúrò rẹ Fàtímọ̀ ṣì ń ti Ẹ̀gbẹ́dá wá gúnyán fún wa, àmọ́ ọkọ rẹ̀ ti ń kùn pé òun kò fẹ́yàwó kó máa gbé ilé àna òun. Ohun tí kò jẹ́ kí n fìdí kalẹ̀ ni ojú bàbá rẹ. Ó ti ń ṣú. Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, wọ́n ní àwọn ń lọ sóko, etí odò la ti lọ rí wọn, wọ́n ń bá igi ọ̀pẹ sọ̀rọ̀, wọ́n rò pé Sàníù aládùúgbò wa ni, inú sì ń bí wọn pé Sàníù gbọ́ kò dáhùn.

Kọ́kọ́rọ́ tí o fi rán Yésúfù olóbì dé ọwọ́ wa. O ní o ti ya yàrá kan sọ́tọ̀ nílé rẹ fún ọjọ́ ogbó wa, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nìyí, kí á tọ́jú rẹ̀ títí a ó fi dé. A sì ń tọ́jú rẹ̀. Mò ń fi òrí pa á láràárọ̀, nígbà ọyẹ́ mo fi òwú dì í kó má baà tutù. Ṣùgbọ́n Lìádì, ìwọ tí à ń retí pé kí o tọ́jú wa, o tún wá fún wa ní nǹkan tọ́jú.

Bàbá rẹ ní bí kọ́kọ́rọ́ bá ti ṣáájú dé, yàrá ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n ní kí gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́ ilẹ̀kùn ìrókò sílẹ̀ dè é, kó sì dá ihò sí i lára. Kọ́kọ́rọ́ wọ ihò, ó yí lọ, ó yí bọ̀, ilẹ̀kùn kò tì. Ewúrẹ́ Sàníù forí tì í, ó wọlé, ó jẹ èlùbọ́ wa. Èmi rò pé bóyá kọ́kọ́rọ́ Èkó kò gbọ́ èdè Akanran ni. Josiah ní ara ilé rẹ ni yàrá náà wà, kò ṣeé dì fún olóbì. Mo ní bí yàrá kò bá lè rìn, Lìádì tó lẹ́sẹ̀ méjì ńkọ́? Ó kàn ń kọ ọ́ lọ.

Mo bẹ bàbá rẹ pé ká máa lọ. Wọ́n ní sàréè bàbá àwọn wà nínú ilé yìí, pé bí ojú àwọn bá ṣú tán, àwọn mọ ibi tí ògiri wà níbí, ta ni yóò fi ògiri Èkó han àwọn? Láti ọjọ́ náà, mo dìde, mo jókòó, mo di ẹrù, mo tún tú u. Ọkàn mi kan ń lọ, ìkejì kò lọ. Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, àmọ́ ta ló ń jókòó sí Akanran mu ọmú tó wà l'Ékòó? Yésúfù ní ọ̀nà Ìjẹ̀bú tí ogun dí ti ń là díẹ̀díẹ̀, ẹni tó bá bá èrò rìn yóò dé.

Jọ̀ọ́, fi owó ẹyọ díẹ̀ rán Yésúfù, iyọ̀ wa ti tán, gbẹ́nàgbẹ́nà sì ń wá owó ilẹ̀kùn. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí o dàgbà, ọjọ́ tí o bá na ọwọ́ sílẹ̀ nínú òkùnkùn, ọwọ́ ọmọ rẹ ni wàá bá.

Mo fẹ́ dá kọ́kọ́rọ́ náà padà, bàbá rẹ kọ̀. Wọ́n ti so ó kọ́rùn. Wọ́n ní ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ èèyàn, bó pẹ́ bó yá, yóò wá a wá. Wá a wá, Lìádì. Ojú tí wọn yóò fi dá ọ mọ̀ kò pọ̀ mọ́.

Ìyá rẹ,
Hàjàrá.