Ọbẹ̀ Tí O Fi Han Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́

Dọlápọ̀,

Má gbá ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Èmi ni mo tì í, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò mi. Bí ebi bá ń pa ọ́, búrẹ́dì wà lórí tábìlì.

Ìyá Fuad, aládùúgbò wa, ló pè mí láàárọ̀ yìí láti ojú fèrèsé rẹ̀ pé, “Bàbá Dọlápọ̀, ẹ wá wo ọmọ yín nínú fóònù! Ó ti di tíṣà àwọn ọmọ yunifásítì o!” Mo wò ó. O ń kọ́ wọn bí a ṣe ń se ẹ̀fọ́ pẹ̀lú epo díẹ̀ àti iyọ̀ díẹ̀, bí ìyá rẹ ṣe ń sè é lẹ́yìn tí dókítà kìlọ̀ fún un. O ṣe é dáadáa. Nígbà tó jinná, o bu díẹ̀, o nà án sí fóònù, o ní, “Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi tọ́ ọ wò.”

Inú pálọ̀ wa níbí ni mo jókòó sí nígbà tí o ń se é. Ìyá rẹ kò sọ ọbẹ̀ kalẹ̀ rí láìbu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ mi, kí n sọ bóyá iyọ̀ rẹ̀ tó. Láti ìgbà tí a ti sin ín, kò sẹ́ni tó bi mí mọ́. Kí ni àwọn ọmọ yẹn fi jù mí lọ?

Mi ò ní kí o má kọ́ wọn. Mò ń lọ ra ẹja lọ́jà Ìlàjẹ. Bí mo bá dé, n ó ṣílẹ̀kùn, wàá dáná, kí wọ́n máa wò wá. Ṣùgbọ́n èmi ni kí o kọ́kọ́ bu ún fún.

Bàbá rẹ