Ìkòkò Tábà fún Àìsùn Bàbá Amọ̀

Àbámẹ́ta, 4 oṣù kẹwàá, 2025

Irọ́ ni. Bí o bá ti gbọ́ pé mò ń mu igbó pẹ̀lú òyìnbó kan ní Clear Lake, irọ́ ni. N kò fa èéfín kankan rí. Ohun tí Àǹtí Kíkẹ́ rí nínú báàgì mi, ìkòkò tábà ni, amọ̀ funfun, kò tíì rí iná pàápàá. Èmi ni mo mọ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti dé ṣọ́ọ̀ṣì kí n tó dé ilé.

Bùrọ̀dá Akin, ọkọ wọn, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Alief, pè mí sí pálọ̀. Ṣé torí èyí làwọn ṣe mú mi wá sí Houston? Mo ní ìkòkò lásán ni. "Ìkòkò wo? O fẹ́ se ọbẹ̀ nínú rẹ̀ ni?" Àǹtí Kíkẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Bùrọ̀dá ní kí n jáwọ́, tàbí kí n wá ilé mìíràn.

N kò ní í jáwọ́. Mo ti ṣèlérí.

Ajé, 6 oṣù kẹwàá

Ìlérí náà nìyí. Mr. Charles, òyìnbó tí mò ń tọ́jú — Bàbá Amọ̀ ni mò ń pè wọ́n, nínú ìwé yìí nìkan — ti ń súnmọ́ àádọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n ti wà lára àwọn tó ṣe ẹ̀rọ tó lọ sí òfurufú rí. Wọn kì í sọ ọ́. Ireland ni wọ́n ń sọ. Knockcroghery, abúlé àwọn baba wọn, níbi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò tábà láti ìran dé ìran.

Lọ́hùn-ún, bí ènìyàn bá kú, wọn á to ìkòkò tuntun sínú àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú, tábà á ti wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá wá sí àìsùn á mú ọ̀kan, á ní, "Kí Olúwa ṣàánú fún un," kó tó fà á. Ìkòkò kan, àdúrà kan.

Àwọn ọ̀rẹ́ Bàbá Amọ̀ ti kú tán. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé kò ní sí ẹni tí yóò gbàdúrà fún àwọn. "Mọ ọ́n fún mi, Níyì. Kó kún àpótí yẹn." Mo ṣèlérí pé màá mọ ọ́n.

Ìṣẹ́gun, 7 oṣù kẹwàá

Jordan, ọmọ wọn obìnrin, wá. Kò gbọdọ̀ sí tábà nínú ilé yìí, ó ní. Tábà ló pa ìyá òun.

Ọjọ́bọ̀, 9 oṣù kẹwàá

Mọ́ọ̀dù onírin tí a fi ń tẹ ìkòkò jáde, apá méjì, bí ẹ̀pà tí a là. Ti bàbá bàbá wọn ni. Mo yí amọ̀ títí ó fi dà bí ọmọ ọ̀pọ̀lọ́: orí ńlá, ìrù gígùn. Wáyà tí a fi epo pa — mo tì í wọ inú ìrù náà díẹ̀díẹ̀. Ojú kò ṣe é. Ìka ni yóò mọ̀ bó bá ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà, sínú mọ́ọ̀dù. Mo pa á dé, mo tẹ orí rẹ̀ kó jin, mo fa wáyà yọ. Ọ̀nà èémí nìyẹn. Bó bá gbẹ díẹ̀, mo fi òkúta kékeré ra á lára títí yóò fi máa dán.

Irú òkúta bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyá mi àgbà ní Ìpetumodù, fún ìkòkò omi. Ìkùukùu ti bo adágún lónìí. Ọwọ́ mi wà ní Clear Lake, imú mi ń gbọ́ òórùn ẹrẹ̀ odò wa. Bàbá Amọ̀ sùn sórí àga. N kò mọ èwo nínú wa ló ń lálàá.

Àìkú, 12 oṣù kẹwàá

N kò lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Kí wọ́n rí ohun sọ.

Bàbá Amọ̀ di ojú, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ní 1921 ni àwọn ológun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sun abúlé náà. Ilé jó, iṣẹ́ ìkòkò sì kú. Bàbá bàbá wọn fi aṣọ ọmọ wé mọ́ọ̀dù náà, ó gbé e sá.

Mo sùn, mo rí òpópónà funfun kan. Gbogbo ènìyàn dúró sí ẹnu ọ̀nà, oṣùpá kékeré lẹ́nu oníkálukú bí ìkòkò, wọ́n ń fà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. N kò fẹ́ jí.

Àbámẹ́ta, 18 oṣù kẹwàá

Mo bà á jẹ́. Tàbí n kò bà á jẹ́. N kò mọ̀.

Inú dúrọ́ọ̀mù àtijọ́ ní ẹ̀yìnkùlé wọn ni mo ti sun àwọn ìkòkò náà. Mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo Bàbá Amọ̀ lẹ́sẹ̀, wọ́n ń wo iná. Nígbà tí àwọn ìkòkò pọ́n, mo fi ẹ̀mú mú wọn jáde — ọwọ́ mi sì ṣe ohun tó mọ̀. Mo ti se omi èèpo igi oak láàárọ̀. Mo wọ́n ọn sí wọn lára gbígbóná. Nílé wa, ìkòkò tí kò bá mu omi èèpo nígbà tó ṣì ń gbóná kò tíì parí. Ta ló sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ni ti Ireland? Pá, pá, pá. Èyí tó pọ̀ fọ́. Ìyókù dúdú bí èmi.

Mo ní màá tún bẹ̀rẹ̀. "Àsìkò wo?" Bàbá Amọ̀ gbé ọ̀kan sẹ́nu. Amọ̀ tuntun máa ń lẹ̀ mọ́ ètè. Èyí kò lẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn. Funfun ni ìkòkò tuntun, wọ́n ní, ṣùgbọ́n dúdú ni ti àgbà: ó ti pẹ́ lẹ́nu. "O ti sọ wọ́n di àgbà ní ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo, ọmọ yìí."

Jordan bá wa nídìí èéfín. N kò ní kọ ohun tó sọ.

Ẹtì, 24 oṣù kẹwàá

Bàbá Amọ̀ kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Mo fi ọ̀kan sí wọn ní àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n dì í mú.

Àìkú, 26 oṣù kẹwàá

Bàbá Amọ̀ lọ ní àfẹ̀mọ́júmọ́.

Jordan ní kò sí àìsùn. Mo ní mo ti ṣèlérí. "Ta ni yóò wá? Dárúkọ ènìyàn márùn-ún." Mo ní: ìwọ. Noah, ọmọ rẹ. Èmi. Orúkọ tán lẹ́nu mi. Lẹ́yìn náà ó ní Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́, ní ẹ̀yìnkùlé. Ṣùgbọ́n tábà kankan kò ní wọ inú ìkòkò náà. Mo ní ìyẹn kì í ṣe àìsùn. Ó ní, "Kí ó má sí rárá, nígbà náà."

Mo gbà. Ó dùn mí dé eegun.

Ajé, 27 oṣù kẹwàá

Bùrọ̀dá Akin bá mi nínú ọkọ̀ mi níwájú ilé. Ta ló kú? Ọ̀gá mi. Kí ló dé tí n kò sọ? "Ẹ ní kí n kó jáde." Wọ́n pòṣé. "Olórí kunkun. Ìgbà wo ni àìsùn?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, títí kan wáyà. Wọn kò já lu ọ̀rọ̀ mi.

Ọjọ́rú, 29 oṣù kẹwàá

A jẹ́ mẹ́ta lórí àga. Àwo ìkòkò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Bàbá Amọ̀. Oòrùn ti rẹlẹ̀ lórí omi, gbogbo nǹkan pọ́n bí inú iléru.

Mo gbọ́ ìlẹ̀kùn ọkọ̀. Ọ̀kan. Òmíràn. Bùrọ̀dá Akin, nínú aṣọ iṣẹ́ ọsibítù. Àǹtí Kíkẹ́ pẹ̀lú kúlà ìrẹsì. Lẹ́yìn wọn, ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan náà tó ti sọ pé mò ń mu igbó. Àwọn aládùúgbò rí ọkọ̀, àwọn náà ń kọjá bọ̀ láti inú ọgbà wọn.

"A kì í fi òkú sílẹ̀ fún ẹni mẹ́ta," Àǹtí Kíkẹ́ ní. "Èwo ni kí n mú?" Mo kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ àdúrà náà. Wọ́n gbé ìkòkò òfìfo sẹ́nu, wọ́n di ojú, wọ́n fà á. Ó súfèé fẹ́rẹ́. "Olúwa, ṣàánú fún un." Wọ́n sún mọ́ etí mi: "Má bínú, jàre."

Mo ń kà wọ́n. Mo fẹ́ mọ iye àdúrà. Wọ́n ń mú un, wọ́n ń fà á, wọ́n ń lọ dúró sápá kan. Ó ń súfèé níhìn-ín, ó ń súfèé lọ́hùn-ún.

Jordan dìde. Ó mú èyí tó dúdú jù. Ó fà á pẹ́, bí ẹni pé nǹkan wà nínú rẹ̀. Ó mí jáde. Kò sí èéfín. Síbẹ̀ mo rí gbogbo ojú tó ń tẹ̀ lé e lọ sókè, títí dé ibi tí ọ̀run ti ń ṣú.

N kò rántí iye tí mo ti kà dé. N kò tún bẹ̀rẹ̀.